Níbo Lára Ló Wà? Bí A Ṣe Lè Fi Eré Kọ́ Ọmọ Láti Mọ Ohun Tó Ń Lọ Nínú Rẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n na ọmọ mi kejì nídìí ayò, ló bá fọwọ́ gbá ọpọ́n dànù. Ọmọ ayò fọ́n ká gbogbo pálọ̀, méjì wọ abẹ́ fìríìjì, wọn ò sì tíì jáde títí dòní. Mo bi í pé, "Kí ló ń bí ẹ nínú?" Ó ní, "Kò sí." Mo tún bi í, ó tún ní kò sí. Ojú ti pọ́n, imú ń fẹ̀, ó ṣì ń sọ pé kò sí. Nígbà tó yá ni mo yí ìbéèrè náà padà. Mo ní, "Ó dáa, níbo lára ẹ ló ti ń ṣe ẹ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fọwọ́ kan ọ̀fun. "Ibí ni, Mọ́mì. Ó dà bí ìgbà tí mo gbé òkèlè ńlá mì tí kò lọ."

Látọjọ́ yẹn ni n kì í ti bèèrè "kí ló dé" mọ́ kí n tó bèèrè "níbo". Ọmọ ọdún mẹ́fà lè má mọ ìdí tí inú fi ń bí i, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ti ń fún un. Èdè wa sì ti la ọ̀nà sílẹ̀. Inú ló ń dùn, inú náà ló ń bàjẹ́, inú náà ló ń bíni. Àyà ló ń já. Ojú ló ń tini. Orí ló ń wú. Ọkàn ló ń balẹ̀, òun náà ló ń pòrúúrùú. Àwọn bàbá wa ti pín ara bí ẹní pín ilẹ̀, wọ́n fún ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tirẹ̀. Àwa tá a ń tọ́mọ lónìí ló kù ká mú ọmọ lọ kan ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní mindfulness lóyìnbó kò ju kéèyàn mọ ohun tó ń lọ nínú òun ní àkókò tó ń lọ gan-an, kó má bá a jà, kó má sì sá fún un. Jon Kabat-Zinn ló sọ ọ́ di ìtọ́jú nílé ìwòsàn ní Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1979, fún àwọn aláìsàn tí ìrora ò fi sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọdé. Nígbà tó sì dé, àwọn ilé ìwé kan sọ ọ́ di iṣẹ́ kíláàsì: jókòó, dijú, mí sínú, mí síta. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní MYRIAD kó ọmọ tó lé ní 8,000 jọ, ọmọ ọdún 11 sí 14, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2022. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí ò sàn ju àwọn tó ń bá ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé wọn ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò fọwọ́ kan ìdánrawò tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe nílé. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ wo ló fẹ́ gba mímí ní iṣẹ́ àṣetiléwá?

Eré ni tèmi. Àwọn tí mo kọ síbí ni mo ń bá àwọn ọmọ mi ṣe, pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń ya wá sílé wa tí ilé ìwé bá parí. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá ló bá mu jù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun ná. Ọmọ tí ebi ń pa kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ebi àti ìbínú. Àgbà míì gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣe é nígbà tí ọmọ bá ń sunkún lọ́wọ́. Ìgbà tí ara bá tutù là ń kọ́ eré, kó lè wúlò nígbà tí ara bá gbóná. Tó bá ń ké, ẹ gbé e mọ́ra, ó tán.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, mẹ́wàá ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin náà ẹ bọ́ sínú eré o. Òbí tó jókòó sórí àga tó ń pàṣẹ kò ṣeré, tíṣà ló ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ọwọ́ dà?

Gbogbo yín ẹ dìde dúró. Ẹnì kan á máa pè, àwọn yòókù á máa fọwọ́ kan ibẹ̀, wọ́n á sì ṣe ojú tó bá a mu. "Àyà já!" Gbogbo ọwọ́ á bọ́ sí àyà, ojú á là bí ti òwìwí. "Ojú tì mí!" Wọ́n á fọwọ́ bojú. "Inú dùn!" "Orí wú!" "Ẹnu yà mí!" Ẹ máa yára pè é títí tí wọ́n á fi máa ṣì í, torí ibi tí wọ́n bá ti ṣì í ni ẹ̀rín wà.

Tó bá di bí ọjọ́ kẹta, ẹ má pe ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ sọ ìṣẹ̀lẹ̀: "Wọ́n pe orúkọ ẹ ní ásẹ́ńbìlì, o ò sì mọ ohun tó o ṣe." Kálukú á fọwọ́ sí ibi tó ti máa bà á lára tirẹ̀. Ọwọ́ wọn ò ní lọ síbì kan náà. Èyí àkọ́bí mi á di ikùn mú, èyí àbígbẹ̀yìn á fọwọ́ kan orúnkún, ó ní ibẹ̀ ló máa ń gbọ̀n. Ẹ má tún un ṣe fún wọn. Ẹ kàn wò ó, kí ẹ ní, "Háà, tìẹ ń gba orúnkún wọlé."

Ẹ̀rí kékeré kan wà lẹ́yìn fífi orúkọ pe nǹkan báyìí. Lọ́dún 2007, Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì UCLA, ní Los Angeles, fi àwòrán ojú tó ń bínú àti ojú tí ẹ̀rù ń bà han àwọn àgbàlagbà, wọ́n sì ń wo ọpọlọ wọn. Nígbà tí àwọn èèyàn náà bá fi ọ̀rọ̀ dárúkọ ohun tí wọ́n rí lójú ẹni tó wà nínú àwòrán, apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala, èyí tó máa ń ta gìrì sí ewu, máa ń rọlẹ̀. Àgbà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ọmọdé. Àmọ́ mo ti rí èjìká ọmọ tó wálẹ̀ lójú mi lẹ́yìn tó sọ pé "ojú ló ń tì mí, kì í ṣe inú ló ń bí mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ ní London tàbí Houston, eré yìí ní èrè kejì fún yín. Ọmọ tó jẹ́ pé "fine" àti "sad" nìkan ló ní á kọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ èdè ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹkùn mẹ́ran, ká wá dúró lójijì

Ẹ nílò ọmọ márùn-ún, ó kéré tán. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe: àwọn ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú yí ká, ewúrẹ́ wà láàárín, ẹkùn wà níta, ó ń wá ibi tó máa já wọlé. Ẹ jẹ́ kó gbóná. Nígbà tí ẹkùn bá ku díẹ̀ kó mú ewúrẹ́, ẹ pariwo "Dúró!" Kálukú á dúró síbi tó wà, á gbé ọwọ́ lé àyà, á sì gbọ́ bó ṣe ń lù kìkìkì. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí tó fi máa rọra.

Ẹ wá bi ewúrẹ́ pé, "Ẹ̀rù ni àbí ayọ̀?" Ọmọ aládùúgbò wa kan dáhùn pé, "Àǹtí, ẹ̀rù ni, àmọ́ ó dùn." Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí gan-an nìyẹn. Bí àyà ṣe ń lù nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ náà ló ń lù ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé àyà tó ń lù kì í ṣe àmì pé nǹkan burúkú ń bọ̀ dandan ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ò ní. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn o. Ẹ ní kí eré máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Òkòtó

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wá òkòtó. Tí kò bá sí, ìdérí bíárò tó ṣe é yí á ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ jókòó sílẹ̀ yí i ká, kí ẹnì kan ta á. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà: kí a máa wò ó láti ìgbà tó bá ti ń jó títí tó fi máa ṣubú. Tí ọkàn ẹnikẹ́ni bá rìn lọ síbòmíràn, kó gbé ìka kan sókè, kó sì dá ojú padà sára òkòtó.

Nígbà àkọ́kọ́ tá a ṣe é, kò sẹ́ni tó gbé ìka sókè. Gbogbo wọn ń wòye bí adájọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí èmi fúnra mi ti lọ ra tòmátì mo ti bọ̀. Mo bá gbé ìka mi sókè, mo ní, "Ọjà Bódìjà ni mo wà." Ẹ̀rín bẹ́. Ní ìkejì, ìka mẹ́rin ló gòkè. Àbúrò wọn ní, "Èmi wà níbi mọ́ínmọ́ín." Èyí ẹ̀gbọ́n ní òun ń bá ọ̀rẹ́ òun jà lórí rúlà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á ní ẹni tí ìka rẹ̀ kò gòkè ló gbégbá orókè. Rárá o. Ẹni tó gbé ìka sókè ló ṣe é. Ọkàn ò lè ṣe kó má rìn, ìrìn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí à ń kọ́ ni bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti lọ, àti bí a ṣe ń mú un padà láì lù ú. Tí ẹ bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní bisikíìtì, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ni kí ẹ fún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ọkàn wọn máa ń lọ jù. Ẹ tẹ́tí. Ọmọ tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni ọkàn rẹ̀ ń lọ ní gbogbo ìgbà ń sọ nǹkan fún yín. Èmi ti fi òkòtó mọ̀ pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ọmọ mi ní ìjókòó ẹ̀yìn. Mo ti ń bèèrè "Báwo ni ilé ìwé?" láti oṣù méjì ṣáájú, "Dáadáa" ni mo ń gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Mẹ́gàádì

Òkòtó kọ́ wọn pé ọkàn ń rìn. Eré yìí ni wọ́n fi máa mọ̀ pé èrò tó wá kì í ṣe àṣẹ.

Ẹnì kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun ni mẹ́gàádì. Àwọn yòókù á gba ẹnu ọ̀nà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, èrò ni wọ́n. Mẹ́gàádì á ní, "Ta nìyẹn?" Èrò á dárúkọ ara rẹ̀: "Èmi ni 'Wọn ò ní mú mi ṣeré'." "Èmi ni 'Màá fọ́ nǹkan'." "Èmi ni 'Mo mọ̀wé ju gbogbo wọn lọ'." Mẹ́gàádì ní gbólóhùn kan ṣoṣo tó lè sọ: "Mo rí ọ. O lè máa kọjá." Kò gbọ́dọ̀ dìde bá a jà. Kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lọ. Tó bá dìde lórí àga, ó ti pàdánù iṣẹ́ mẹ́gàádì, ẹlòmíì á jókòó.

Iṣẹ́ àwọn èrò ni láti mú un dìde. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i. Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èmi náà jókòó nígbà kan, ọmọ mi wá, ó ní, "Èmi ni 'Owó iná ti tán'." Mo ti dìde kí n tó rántí.

Àbígbẹ̀yìn wa kò lè pe ẹ̀rù ní "ìwọ". Tí "Òkùnkùn" bá wọlé, á ní, "Mo rí yín, sà. Ẹ lè máa kọjá, sà." Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní òkùnkùn ti wà kí wọ́n tó bí òun. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti mọ eré yìí dáadáa, ẹ máa mú gbólóhùn rẹ̀ jáde níta eré. Ọmọ tó bá ní "Mi ò mọ ìṣirò, màá féèlì," ẹ má kọ́kọ́ sọ pé "Má sọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ẹ bi í pé, "Mẹ́gàádì, ta ló wà ní gétì?"

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ̀pà kan ṣoṣo

Èso àjàrà gbígbẹ ni Kabat-Zinn ń fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Wọ́n á mú ẹyọ kan, wọ́n á pẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀pà yíyan ni tiwa. Kálukú á mú ẹyọ kan. Ẹ wò ó. Ẹ fi ìka bó èèpo pupa rẹ̀, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gbé e sórí ahọ́n, ẹ má tíì jẹ ẹ́, kí ẹ wo bí itọ́ ṣe ń sún jáde fúnra rẹ̀. Ẹ wá jẹ ẹ́. Ẹ̀pà kan lè gba ìṣẹ́jú méjì.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ jẹ odidi ẹ̀pà o, ó lè há a lọ́fun. Ẹ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n tó rọ̀. Kí ẹ sì rí i pé ẹ̀pà kì í ṣe ọ̀tá ara ọmọ ẹlòmíì tó bá wá sílé yín.

Nígbà àgbálùmọ̀, ẹ lo àgbálùmọ̀. Kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkàn ráyè lọ ra tòmátì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọkọ̀ orí ikùn

Ẹ fi bébà ká ọkọ̀ ojú omi, kí ọmọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kí ẹ gbé ọkọ̀ lé e níkùn. Tó bá mí sínú, ọkọ̀ á gòkè. Tó bá mí síta, á wálẹ̀. Kó má jẹ́ kó dojú dé. Kò pọn dandan kó dijú, àwọn ọmọ kan wà tí dídijú ń dẹ́rù bà. Alẹ́ ló dára jù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń sùn lọ sórí ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ padà sídìí ayò

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ padà síbi tí ogun wà. Ọpọ́n ayò ní ilé 12, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. (Tiwa jẹ́ 46, a fi òkúta wẹ́wẹ́ méjì dí i.) Ẹ fi òfin kan kún un: kí ẹnikẹ́ni tó kó ọmọ ayò láti ta, á mí lẹ́ẹ̀kan, á sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní gbólóhùn kan. "Inú mi dùn, mo rí ilé tí màá jẹ." "Ọrùn mi ti ń le." "Kò sí nǹkan kan."

Ìdí tí ayò fi dára fún èyí ni pé bí yẹ̀yẹ́ kò bá sí nídìí ọpọ́n, kì í ṣe ayò. Ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, á máa fi òpè tí kò mọ̀ ọ́n ta ṣe ẹlẹ́yà, àwọn tó dúró wòran á máa bu epo síná. Ẹ má fòfin de yẹ̀yẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀, kó wà níwọ̀n. Ibẹ̀ ni ìbínú kékeré ti ń jáde, ìbínú tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti lè gbá a mú ní ọ̀fun kó tó dé ọwọ́.

Ọmọ mi kejì ṣì máa ń bínú tí wọ́n bá nà án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ọwọ́ sókè lórí ọpọ́n, ó dá a dúró síbẹ̀, ó ní, "Ó ti dé ọ̀fun o," ó dìde, ó lọ mu omi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Mo wò ó lójú, ó dákẹ́.

Àlọ́, fún ọmọ tí kì í sọ tirẹ̀

Àwọn ọmọ kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe gbogbo èyí pẹ̀lú wọn kí wọ́n má yanu. Ẹ dúró dìgbà àlọ́. Nígbà tí ọwọ́ bá tẹ Ìjàpá tán, tí gbogbo ìlú ń wò ó, ẹ dá àlọ́ dúró, kí ẹ bèèrè pé, "Níbo lára Ìjàpá ló ti ń ṣe é báyìí?" Ọmọ tí kò lè sọ ti ara rẹ̀ á sọ ti Ìjàpá láìsí ìdádúró. Ẹ má ní, "Ṣé bó ṣe ń ṣe ìwọ náà nìyẹn?" Ó mọ̀. Ẹ máa bá àlọ́ yín lọ.

Ohun tó ń bà á jẹ́

Ohun tó burú jù ni kí ọmọ sọ nínú eré pé ẹ̀rù ń ba òun, kí ẹ wá fi bú u lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀ yín: "Ṣebí ìwọ lo ní ẹ̀rù òkùnkùn ń bà ọ́, kí lo ń rojú sí?" Ẹ̀ẹ̀kan péré tó láti ti ilẹ̀kùn náà pa. Èkejì ni "ọkùnrin kì í sunkún". Ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ má sì sọ eré di ọ̀nà láti mú kí wọ́n dákẹ́. Àwọn ọmọ máa ń gbọ́ ọ lóòórùn. Tí ẹ bá ń pe "Mẹ́gàádì!" nígbàkígbà tí wọ́n bá pariwo, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á kórìíra rẹ̀.

Tí ọmọ ò bá sùn mọ́, tí kò jẹun dáadáa, tàbí tó bá ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, tí èyí sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, eré kọ́ ló kàn. Èyí tó bá ní kí òun kú, ẹ má dúró di ọ̀la. UCH n'Íbàdàn àti ilé ìwòsàn Àrò l'Ábẹ́òkúta ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn ọmọdé, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń rí.

Ọjọ́ míì sì wà tí wọ́n á ní àwọn ò ṣe. Ẹ má rọ̀ wọ́n. Ẹ gbé ọpọ́n sílẹ̀, ẹ ta ayò lásán, kí ẹ sì ṣọ́ abẹ́ fìríìjì.